Ẹ̀yìn Áńpílì ni Kí Olùrà Kà, Kì í Ṣe Ojú Páálí

Nígbà tí owó kajú bá wọ ọwọ́ àgbẹ̀ ní Bantè, láàárín oṣù kejì sí oṣù karùn-ún ọdún, ọjà àwọn tí ń ta ẹ̀rọ olóhùn máa ń yá. Lẹ́bàá ọ̀nà ńlá tó ti Dassa wá, tó gba Savalou àti Bantè kọjá lọ sí Djougou, páálí ẹ̀rọ máa ń wà ní títò níwájú ìsọ̀, ọ̀kan lórí èkejì. Nọ́ńbà gàdàgbà wà lójú páálí kọ̀ọ̀kan: 1000, 3000, 10000. Olùrà á wo nọ́ńbà náà, á béèrè iye owó, á dúnàá-dúrà díẹ̀, á sì gbé ẹ̀rọ sẹ́yìn zémidjan. Nọ́ńbà yẹn ni ó rà. Ó di ilé kí ó tó mọ̀ pé òun kò tíì ra ohùn.

Ohun méjì ló ń gbé ohùn jáde nínú ilé. Báfù ni àpótí tí ohùn ń gba ẹnu rẹ̀ jáde. Áńpílì ni ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn báfù: ó ń gba ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ láti inú tẹlifóònù, rédíò tàbí kọ̀ǹpútà, ó ń fún un lágbára, ó sì ń tì í lọ sínú báfù. Báfù tí kò ní áńpílì kò lè fọhùn, bó ti wù kí ó dára tó. Áńpílì tí kò bá báfù rẹ̀ mu yóò mú un fọhùn, ṣùgbọ́n ohùn burúkú ni, nígbà mìíràn ó sì lè jẹ́ ohùn ìkẹyìn tí báfù náà yóò fọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tó ní yàrá iṣẹ́ nínú ilé wọn, irú wọn kò sì ṣọ̀wọ́n mọ́ ní Bantè àti Savalou. Akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ lè jókòó níbẹ̀, kí ó máa gbọ́ ìpàdé tí wọ́n gbà sílẹ̀ sórí tẹlifóònù, kí ó sì máa kọ ọ́ sínú ìwé. Olùkọ́ kíláàsì àgbà lè máa gbọ́ bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ṣe kàwé. Ẹlòmíràn ń ṣe ìṣirò owó ìsọ̀ rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ó kàn fẹ́ kí orin máa lọ jẹ́jẹ́ létí òun ni. Bí ẹ̀gbọ́n irú ẹni bẹ́ẹ̀, tó ń gbé Cotonou tàbí Yúróòpù, bá wá fi báfù méjì ránṣẹ́ sí i, báfù gidi tí owó rẹ̀ tó ohun tí ènìyàn fi ń ra ọ̀kadà, ayọ̀ á kún ilé. Ìṣòro kan ló kù: báfù dé láìsí áńpílì. Owó tó kù lápò kò pọ̀, àṣìṣe kan ṣoṣo sì tó láti jó ẹ̀bùn náà.

Èrò tó ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ni pé báfù olówó iyebíye yẹ fún áńpílì ńlá. Onílé á rántí èyí tí wọ́n ń lò níbi ìsìnkú àti ìgbéyàwó, á sì fẹ́ irú rẹ̀. Èrò yìí kò tọ́. Ní Savalou, lọ́jọ́ 15 oṣù kẹjọ, nígbà ọdún iṣu, ìta gbangba ni orin wà. Kò sí ògiri tí yóò dá ohùn padà, èrò ń sọ̀rọ̀, ìlù ń dún, atẹ́gùn ń gbé ohùn lọ. Ibẹ̀ ni áńpílì alágbára ti wúlò. Tchinkoumè, orin ìsìnkú àwọn Mahi tí Stan Tohon sọ di orin gìtá tó sì pè ní Tchink System, kò lè dé etí gbogbo ìlú láìsí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n yàrá iṣẹ́ kì í sábà ju mítà mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Etí ẹni tó jókòó sídìí tábìlì kò jìnnà sí báfù ju mítà kan àbọ̀ lọ. Áńpílì ìta gbangba nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀ dà bí ìkòkò àsè tí wọ́n gbé kaná nítorí ẹyin kan.

Ìtàn báfù fúnra rẹ̀ fi èyí hàn. Ní ọdún 1925, ní Amẹ́ríkà, Chester Rice àti Edward Kellogg ṣàlàyé fún ayé irú báfù tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú báfù òde òní ṣì ń tẹ̀ lé. Nígbà tí báfù wọn dé ọjà, áńpílì tó wà nínú rẹ̀ kò ju wáàtì 1 lọ. Wáàtì ni ìwọ̀n agbára tí ẹ̀rọ ń mu tàbí tí ó ń fúnni. Wáàtì 1 yẹn tó fún yàrá àlejò nígbà náà, etí ọmọ ènìyàn kò sì tíì yí padà láti ìgbà náà wá.

Kí wá ni 3000 tó wà lójú páálí? Bí olùrà bá wò ó dáadáa, ó lè rí lẹ́tà kéékèèké mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: PMPO. Wọ́n dúró fún agbára tí òǹṣe sọ pé ẹ̀rọ lè yọ jáde fún ìgbà tí kò tó kí ojú ṣẹ́. Kò sí ìwọ̀n kan náà tí gbogbo àwọn òǹṣe fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Oníkálukú ń kọ èyí tó wù ú. Lẹ́tà tó yẹ kí olùrà wá ni RMS. Nọ́ńbà tó bá tẹ̀ lé RMS ni agbára tí áńpílì lè máa fún báfù láìdáwọ́dúró, òun nìkan ló sì tó owó san lé lórí.

Bí RMS kò bá sí lójú páálí, kí olùrà ní kí wọ́n yọ ẹ̀rọ jáde, kí ó yí i padà, kí ó ka ẹ̀yìn rẹ̀. Àkọlé kékeré kan máa ń wà níbẹ̀, nítòsí ibi tí wáyà iná ti wọlé: 220 V, 50 Hz, 60 W. Wáàtì 60 yẹn ni iná tí ẹ̀rọ ń mu láti inú ògiri. Kò sí ẹ̀rọ tó lè máa tú jáde ju ohun tí ó ń mu lọ. Omi korobá kan kò lè kún korobá méjì. Apá kan nínú iná náà yóò sì di ooru, gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ ṣe ń mọ̀ ọ́n nígbà tí ó bá kan orí ẹ̀rọ. Nítorí náà, áńpílì tó ń mu wáàtì 60 kò lè fún báfù ní 3000, kò lè fún un ní 300 pàápàá. Bí ó bá lè máa fún báfù méjèèjì ní wáàtì 20-20, ó gbìyànjú. Ẹni tó ti kọ́ ìwé kíkà ní kíláàsì àgbà ti ní gbogbo ohun tí iṣẹ́ yìí ń béèrè: ó mọ nọ́ńbà, ó sì mọ lẹ́tà W. Òǹtajà lè fajú ro nítorí pé wọ́n ń yí ọjà rẹ̀ padà. Kí ó fajú ro.

Ní ìgbà tí olùrà bá ń kàwé lọ́wọ́, kí ó ka orúkọ ẹ̀rọ náà pẹ̀lú, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì. Orúkọ ńlá wà tí àwọn aláfarawé ti pààrọ̀ lẹ́tà kan ṣoṣo nínú rẹ̀, ojú tó ń sáré kì í rí i.

Fún báfù gidi nínú yàrá iṣẹ́, wáàtì 20 sí 50 RMS fún báfù kọ̀ọ̀kan tó, ó sì lé. Èyí lè dà bí ìyàn lójú ẹni tó ti gbọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́nu òǹtajà, ṣùgbọ́n ìṣirò etí yàtọ̀ sí ìṣirò owó. Bí wáàtì bá di ìlọ́po méjì, láti 50 sí 100, ohùn kì í di ìlọ́po méjì. Ó máa ń ga díẹ̀ ni. Kí etí tó sọ pé ohùn ti di ìlọ́po méjì, wáàtì ní láti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́wàá. Ìwé tó bá báfù wá tún máa ń ní nọ́ńbà kan tí ọ̀pọ̀ kì í wò, tí dB tẹ̀ lé: 87 dB, 90 dB. Ó ń sọ bí ohùn báfù ṣe ga tó nígbà tí wọ́n bá fún un ní wáàtì 1, tí etí sì wà ní mítà kan sí i. Báfù tó fi 3 ju èkejì lọ ní ibi yìí ń ṣe pẹ̀lú wáàtì 25 ohun tí èkejì ń fi 50 ṣe. Ẹni tí báfù rẹ̀ bá ní 90 lè fi owó rẹ̀ ra áńpílì kékeré tó mọ́ lóhùn.

Lẹ́yìn wáàtì, óòmù ló kàn. Àmì rẹ̀ ni Ω, ó rí bí pátákò ẹṣin. Óòmù ń sọ bí báfù ṣe ń dènà iná tó. Báfù 4 Ω kì í dènà iná bí báfù 8 Ω, nítorí náà ó ń fa iná púpọ̀ jáde láti inú áńpílì. Bí ẹ̀yìn áńpílì bá kọ 8–16 Ω, tí onílé sì so báfù 4 mọ́ ọn, áńpílì á máa gbóná, ó sì lè jó. Bí ó bá kọ 4–8 Ω, àlàáfíà ni. Kí nọ́ńbà ẹ̀yìn báfù má ṣe kéré ju èyí tó kéré jù lẹ́yìn áńpílì. Òfin náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kí onílé má ṣe so báfù 8 méjì mọ́ ihò kan náà, nítorí méjèèjì á di 4 lójú áńpílì.

Ohun kan wà níbí tó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Kì í ṣe áńpílì alágbára nìkan ló ń jó báfù. Áńpílì aláìlágbára tí wọ́n fi ipá lò ń jó o pẹ̀lú. Nígbà tí wọ́n bá yí bọ́tìnnì ohùn dé òpin, tí áńpílì kò sì ní agbára mọ́, ó máa ń gé orí ohùn kúrò, ohùn á ya, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha bí ẹni tó ti pariwo láti àárọ̀. Ohùn yíya yẹn kún fún agbára tínrín tí kò sí nínú orin náà tẹ́lẹ̀, ẹnu kékeré òkè báfù, èyí tí ohùn tínrín ń gbà jáde, ló sì ń ru gbogbo rẹ̀. Wáyà inú ẹnu kékeré yìí tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an ni. Ó máa ń jó láìrú èéfín, láìpariwo. Onílé á ṣì máa gbọ́ báàsì, á rò pé báfù wà láàyè. Lẹ́yìn náà á sọ pé ẹ̀gbọ́n òun fi ọjà burúkú ránṣẹ́.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ni yóò jìyà rẹ̀ jù. Ohun tó ń fi "f" hàn yàtọ̀ sí "s", àti "s" yàtọ̀ sí "ṣ", inú ohùn tínrín ló wà. Nígbà tí ẹnu kékeré báfù bá ti kú, ìlù á ṣì dún, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ á ṣì hàn, ṣùgbọ́n "fún" àti "sún" á di ọ̀kan náà. Ẹni tí ìpàdé sọ pé kí wọ́n fún lówó yàtọ̀ pátápátá sí ẹni tí wọ́n sọ pé kí wọ́n sún owó rẹ̀ síwájú. Bí akọ̀wé bá kọ ọ̀kan dípò èkejì sínú ìwé ẹgbẹ́, ìjà á dé nígbà tí wọ́n bá pín owó kajú, kò sì sí ẹni tí yóò rántí báfù nínú ìjà náà.

Àwọn kan yóò sọ pé bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, áńpílì ńlá gidi tí wọ́n ń rọra ṣí ló dára jù. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Áńpílì tó lágbára lóòótọ́, tí ọwọ́ jẹ́jẹ́ ń darí, kì í pa báfù lára. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀, fáànù inú rẹ̀ máa ń hu nínú yàrá kékeré, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì máa ń sọ "ṣìììì" lábẹ́ ọ̀rọ̀ nígbà tí ohùn bá wà nísàlẹ̀. Ọmọ ilé kan wà pẹ̀lú, tí yóò yí bọ́tìnnì náà nígbà tí bàbá rẹ̀ bá lọ sóko.

Iná ilé tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Iná SBEE jẹ́ 220 V. Ẹ̀rọ tí wọ́n ti lò ní Faransé tàbí Jámánì bá a mu, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì dára ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ará ilé gbé wá láti Amẹ́ríkà lè jẹ́ 120 V, ti Japan sì jẹ́ 100 V. Ẹni tó bá kì í bọ ògiri ní Gouka láìka ẹ̀yìn rẹ̀ yóò rí èéfín lójú ẹsẹ̀. Ibi tí iná bá ti máa ń lọ sókè sódò ní ìrọ̀lẹ́, kí onílé lo ẹ̀rọ tí ń tún iná ṣe, èyí tí àwọn oníṣòwò ń pè ní régulateur.

Ẹni tó ń lo sólà ní láti ṣe ìṣirò sí i. Bátìrì 12 V, 100 Ah, lè fúnni ní wáàtì 1200 fún wákàtí kan. Bátìrì olómi kò yẹ kí ó lọ sílẹ̀ ju ìdajì lọ, nítorí náà 600 ló ṣeé lò. Áńpílì àtijọ́ tó ń mu wáàtì 60 á jẹ ẹ́ tán ní wákàtí 10. Irú tuntun tí wọ́n ń pè ní Class D kì í fi iná ṣòfò sínú ooru bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ń mu wáàtì 10 nígbà tí orin ń lọ jẹ́jẹ́, á lo wákàtí 60. Àwọn àgbà kan máa ń fi ọwọ́ wọn áńpílì wò, wọ́n á ní èyí tó bá wúwo ni ó dára. Lóòótọ́, irin ńlá inú ẹ̀rọ àtijọ́ ló ń fún un lágbára, èyí tó fúyẹ́ nínú wọn kò sì níye lórí. Class D ti ba ẹ̀rí náà jẹ́. Ó lè fúyẹ́ bí ìwé kí ó sì ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ara etí náà wà nínú owó tí onílé ń san. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àgbàlagbà lè gbọ́ ohùn 80 dB fún wákàtí 40 láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí ohùn bá di 90, wákàtí 4 péré ni fún gbogbo ọ̀sẹ̀. Etí tó bá ti bàjẹ́ kò ní atúnrédíòṣe. Ìjọba Bénin sì ṣe àṣẹ lórí ariwo ní ọdún 2022. Agbára òjò kò ní òun kò ní wọlé, onílé ni kò ní gbà fún un. Bẹ́ẹ̀ ni ariwo áńpílì ṣe ń kọjá ògiri lọ bá ọmọ tuntun aládùúgbò.

Kí olùrà tó san owó rárá, kí ó wo ẹ̀yìn báfù. Bí wáyà iná bá ti inú báfù náà jáde lọ sí ògiri, áńpílì wà nínú rẹ̀, kò sí ohun tí yóò rà mọ́. Bí kò bá sí, kí ó gbé báfù kan dání lọ sí ìsọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò san owó zémidjan sí i. Kí wọ́n so ó mọ́ áńpílì, kí ó fi ohùn ènìyàn tó mọ̀ dáadáa sí i, bóyá ohùn ìyá rẹ̀ nínú tẹlifóònù. Báàsì lè tan ẹnikẹ́ni. Ohùn ìyá kò lè tan ọmọ. Kí ó gbé ohùn sókè títí dé ibi tó máa ń gbọ́ ọ nílé, kí ó gbọ́ bóyá ó ń ya. Lẹ́yìn náà kí ó dá orin dúró, kí ó sún mọ́ báfù, kí ó gbọ́ bóyá ó ń hu. Kí ó béèrè ẹni tó lè tún un ṣe ní Savalou tàbí Bantè; áńpílì tí kò sí ẹni tó lè tú nítòsí yóò di ijókòó adìyẹ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tó bá dákẹ́.

Nílé, kí wáyà pupa lọ síbi pupa, kí dúdú lọ síbi dúdú, ní báfù méjèèjì. Bí wọ́n bá yí ti ọ̀kan padà, báàsì á sá lọ, ohùn á dà bí ẹni tó wà nínú kànga, onílé á sì fẹ́ da áńpílì padà fún òǹtajà láìjẹ̀bi. Kí orí áńpílì wà ní òfìfo, láìsí aṣọ, láìsí ìwé, nítorí ooru. Nígbà ọyẹ́, kí wọ́n máa gbọn eruku rẹ̀.

Ẹni tó bá sì ti ra áńpílì ìta gbangba kó tó ka ìwé ìròyìn yìí, kí ó má ṣe so ó mọ́ báfù ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Oṣù kẹjọ ń bọ̀. Ní Savalou, wọ́n máa ń wá irú rẹ̀ yá fún ọdún iṣu, owó yíyá ọjọ́ díẹ̀ sì lè dín gbèsè rẹ̀ kù.